Ẹ̀yin Lẹ Béèrè: Ìdíje Àkàndá Ẹ̀dá Kì í Ṣe Sàráà

Láti ìgbà tí a ti kéde pé ojú ìwé yìí yóò dá lórí eré ìdíje àwọn àkàndá ẹ̀dá, lẹ́tà ti ń wọlé láti Ìkòròdú àti àwọn ìlú tó yí i ká. A gé àwọn kan kúrú, a sì yọ orúkọ àwọn tó kọ ọ́. Èyí tí ọ̀rọ̀ pọ̀ nínú rẹ̀ la fi àyè sílẹ̀ fún jù.

Lọ́dún tó kọjá, ilé-ẹ̀kọ́ wa ṣe ọjọ́ eré fún àwọn ọmọ tó jẹ́ àkàndá ẹ̀dá. A ní kí gbogbo wọn sáré pọ̀, a sì fún oníkálukú ní kúlà àti ìrẹsì. Inú àwọn ọmọ náà kò dùn tó bí a ṣe rò. A tún fẹ́ ṣe é lọ́dún yìí, ọmọ bíi ogójì la ní: adití wà níbẹ̀, àwọn tí kò ríran wà níbẹ̀, mẹ́ta jókòó sórí àga oníkẹ̀kẹ́, àwọn yòókù ní ìṣòro ẹsẹ̀ tàbí iṣan tó le. Báwo ni ká ṣe ṣe é? — Olùkọ́ eré ìdárayá, Odógúnyán

Ohun tó ba ti èṣí jẹ́ wà nínú lẹ́tà yín. Ẹ kó ọmọ tó ń fi ọ̀pá rìn àti adití tí ẹsẹ̀ rẹ̀ le koko sórí ìlà kan náà. Kí fèrè tó dún ni gbogbo ènìyàn ti mọ ẹni tí yóò gba ipò kìíní. Eré tí a ti mọ òpin rẹ̀ kì í dùn, kódà kì í dùn mọ́ ẹni tó borí. Nígbà tí ìrẹsì wá kan gbogbo wọn bákan náà, wọ́n mọ̀ pé sàráà ni. Ọmọdé gbọ́n ju bí a ṣe ń rò lọ.

Ẹ pín wọn lẹ́ẹ̀mejì. Kí ẹ kọ́kọ́ pín wọn gẹ́gẹ́ bí ohun tó ṣe ara wọn: adití lọ́tọ̀, àwọn tí kò ríran lọ́tọ̀, àwọn tó ń jókòó lọ́tọ̀, àwọn tó ń rìn ṣùgbọ́n tí ẹsẹ̀ kan kò lágbára lọ́tọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ jẹ́ kí wọ́n sáré ìdánwò láàárọ̀, kí ẹ kọ àkókò ẹnì kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, kí ẹ sì kó àwọn tí àkókò wọn súnmọ́ra pọ̀ fún àṣekágbá. Bí Special Olympics, àjọ tó ń ṣètò eré fún àwọn tí òye wọn kò tètè ń ká nǹkan, ṣe ń ṣe tiwọn nìyẹn: ẹni mẹ́ta sí mẹ́jọ ní ẹgbẹ́ kan. Ọmọ tó lọ́ra jù lọ nínú ogójì yín yóò ní ẹni tó ń lé, yóò sì ní ẹni tó ń lé e bọ̀. Ẹ máa wo ojú rẹ̀ nígbà tó bá gbọ́ ẹsẹ̀ lẹ́yìn.

Ẹ má ṣe gbé eré àwọn tó jókòó sórí àga oníkẹ̀kẹ́ sí orí pápá. Táyà kékeré iwájú yóò rì sínú yanrìn, ọmọ yóò sì dojú bolẹ̀. Orí ọ̀dà tàbí sìmẹ́ńtì tó tẹ́jú ni kó wà. Mítà 60 tó. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ tẹ táyà ẹ̀yìn méjèèjì wò: bí ọ̀kan bá rọ̀ ju èkejì lọ, ńṣe ni àga yóò máa fà sí ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ ó sì máa rò pé ọmọ ni kò mọ̀ ọ́n tì. Bó bá jẹ́ pé àga kan ṣoṣo ló dára nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí wọ́n lo ọ̀kan náà ní ẹnì kọ̀ọ̀kan, kí aago jẹ́ adájọ́.

Fún àwọn adití, fèrè kò wúlò. Kí ẹni tó ń tú wọn sílẹ̀ dúró níwájú, díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, níbi tí gbogbo wọn ti lè rí i láìgbé orí sókè jù, kó gbé àsíá pupa sókè, kó sì já a wálẹ̀ wàrà. Bó bá dúró sẹ́yìn wọn, ẹni tó wà ní ìpẹ̀kun ìlà ni yóò máa kẹ́yìn nígbà gbogbo.

Fún àwọn tí kò ríran, bí ẹ kò bá ní àwọn tó ti kọ́ bí a ṣe ń bá wọn sáré, ẹ jẹ́ kí wọ́n sá mítà 50 ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Kí ẹnì kan dúró sẹ́yìn ìlà òpin, kó máa pe orúkọ ọmọ náà léraléra láìdánu dúró, kí àwọn méjì sì wà lọ́tùn-ún àti lósì láti gbà á mú. Kí gbogbo wọn bo ojú wọn pẹ̀lú aṣọ dúdú tó nípọn, nítorí ẹni tó ń rí ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ yóò yá ju ẹni tí kò rí nǹkan kan lọ. Kí DJ pa ẹ̀rọ rẹ̀ nígbà náà. Ẹ bá a sọ ọ́ láti àárọ̀, kí ó má lọ di àríyànjiyàn lórí pápá.

Irin jíjù láti orí ìjókòó dára, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe lo àga rọ́bà funfun tí a ń yá fún òde. Ẹsẹ̀ rẹ̀ máa ń là nígbà tí ọmọ bá yí ara láti jù. Ẹ jẹ́ kí wẹ́dà jó ìjókòó onírin tó ní òpó kan níwájú tí ọmọ lè dì mú. Gíga rẹ̀ pẹ̀lú tìmùtìmù kò gbọdọ̀ ju sẹ̀ǹtímítà 75 lọ, òfin àgbáyé ni. Ẹ ri èèkàn irin mẹ́rin mọ́lẹ̀, kí ẹ fi okùn tí wọ́n fi ń di ẹrù mọ́ ọkọ̀ fà á le sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ìdí ọmọ kò gbọdọ̀ kúrò lórí ìjókòó títí irin yóò fi kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ìdí bá gbéra, jíjù yẹn ti bàjẹ́.

Àwọn tí iṣan wọn le tí wọn kò lè sáré ni ẹ̀rù máa ń bà wá fún jù, nítorí àwọn ni a sábà máa ń fi síbi kánópì láti máa pàtẹ́wọ́ fún ẹlòmíràn. Ẹ ṣe boccia fún wọn. Àyè mítà 12.5 ní gígùn àti mítà 6 ní fífẹ̀, lórí sìmẹ́ńtì tàbí nínú gbọ̀ngàn, ni wọ́n ń lò. Bọ́ọ̀lù pupa mẹ́fà, búlúù mẹ́fà, funfun kan. Ẹni kan yóò ju funfun, àwọn méjèèjì yóò sì máa ju tiwọn kó lè súnmọ́ ọn. Lẹ́yìn tí gbogbo rẹ̀ bá tán, ẹ wá ẹni tí bọ́ọ̀lù rẹ̀ súnmọ́ funfun jù. Iye bọ́ọ̀lù rẹ̀ tó súnmọ́ ọn ju èyí tó dára jù lọ lọ́wọ́ alátakò ni máàkì rẹ̀. Bọ́ọ̀lù gidi wúwo tó gíráàmù 275. Aránṣọ lè rán tiyín pẹ̀lú awọ rírọ̀, kí ẹ wọn ọ̀kọ̀ọ̀kan lórí òṣùwọ̀n kí wọ́n lè dọ́gba. Ọmọ tí ọwọ́ rẹ̀ kò lè ju nǹkan rárá yóò lo páìpù omi tí a là sí méjì, tí a gbé dagun. Òun ni yóò sọ ibi tí wọ́n máa darí páìpù sí. Ẹni tó ń bá a di páìpù mú yóò kọ ẹ̀yìn sí pápá, kò sì gbọdọ̀ wẹ̀yìn. Èrò ọmọ náà ló ń bá ẹlòmíràn jà, kì í ṣe ojú olùrànlọ́wọ́.

Àwọn nǹkan tó kù: ẹ bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́jọ kí oòrùn tó mú. Bí àtẹ̀gùn ilé ìgbọ̀nsẹ̀ bá ga ní sẹ̀ǹtímítà 15, pákó ìgòkè ibẹ̀ gbọ́dọ̀ gùn tó sẹ̀ǹtímítà 180. Kúkúrú ju bẹ́ẹ̀ lọ, àga yóò yí sẹ́yìn. Kí ẹnu ọ̀nà fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 80 ó kéré tán. Kí àwọn èèyàn ńlá tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ sọ ọ́ lẹ́yìn ìdíje, nítorí a ti rí ibi tí àwọn eléré ti jókòó sóòrùn fún wákàtí kan tí wọ́n ń gbọ́ ìkíni. Mẹ́dàlì mẹ́ta ní ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, ó parí. Bí ẹ bá fẹ́ pín ìrẹsì, ẹ pín in nílé oúnjẹ.

Ẹ má bínú sí mi o. Bí mo bá rí wọn lórí tẹlifíṣọ̀n, àánú ni wọ́n ń ṣe mí. Ayọ̀ wo ló wà nínú rẹ̀? — Oníṣòwò, Sábó

A ò bínú rárá. Ẹ sáà jókòó wo ìdíje irin gbígbé kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ẹ ó rí i pé àánú kò ní rí àyè jókòó sí. Ní Paralympics, ìdíje àgbáyé àwọn àkàndá ẹ̀dá, tó wáyé ní Paris lọ́dún 2024, Onyinyechi Mark, tó ń díje láàárín àwọn obìnrin tí ìwọ̀n wọn kò ju kílò 61 lọ, dùbúlẹ̀ ó sì ti kílò 150 sókè. Àpò sìmẹ́ńtì mẹ́ta nìyẹn. Folashade Oluwafemiayo ti kílò 167 ní ìpele kílò 86, kò sì sí obìnrin kan ní ìpele náà lágbàáyé tó ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí títí di ọjọ́ náà. Ọmọ Nàìjíríà gba góòlù méjì, fàdákà mẹ́ta àti idẹ méjì níbẹ̀. Ọ̀kan nínú idẹ náà ni ti Eniola Bolaji nínú badminton. Òun ni ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó gba mẹ́dàlì nínú eré yẹn ní Paralympics. Lucy Ejike, ní tirẹ̀, ti ń gba mẹ́dàlì láti Sydney 2000 títí dé Tokyo 2020.

Àwọn tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àánú. Dókítà Ludwig Guttmann ní ilé ìwòsàn Stoke Mandeville ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló ṣètò ìdíje àkọ́kọ́, ìyẹn ọfà títa, ní ọjọ́ 29 oṣù keje 1948, ọjọ́ tí wọ́n ṣí Olympics ní London gan-an. Ẹni 16 tí ogun ti pa lára ni wọ́n. Ní 1960, ní Róòmù, wọ́n ti di bíi 400 láti orílẹ̀-èdè 23. Ẹni tó ń fẹ́ borí ni wọ́n, bíi ti ẹnikẹ́ni tó bá ń ta ayò lábẹ́ igi. Nàìjíríà dara pọ̀ ní Barcelona lọ́dún 1992, a sì gba góòlù bọ̀ lọ́dún yẹn náà.

Mo ń ti kílò 120 ní jíìmù àdúgbò wa. Mo lọ sí ibi ìdánwò kan, mo gbé e lẹ́ẹ̀mẹta, iná pupa ni wọ́n tàn fún mi lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹsẹ̀ mi méjèèjì kò lágbára, apá mi sì le. Ṣé wọ́n fẹ́ gba àbẹ̀tẹ́lẹ̀ ni? — Ẹni ọdún 34, Ìtamága

A kò rò bẹ́ẹ̀. Ohun tó sábà máa ń fa iná pupa ni pé ní jíìmù àdúgbò, irin á kan àyà, á sì ta padà sókè. Nínú ìdíje, irin gbọ́dọ̀ dúró lórí àyà ṣinṣin, láìmì, kó tó gòkè. Èyí tó ta padà kò wọlé. Bó bá dúró tán tó tún rì wọnú àyà díẹ̀ kí ẹ tó tì í, kò wọlé. Bí apá ọ̀tún bá ṣáájú ti òsì gòkè, tàbí ìgbọ̀nwọ́ kan kò nà tán lókè, kò wọlé. Bí ẹ bá sọ̀ ọ́ wálẹ̀ kí rẹfirí tó pariwo “Start”, tàbí tí ẹ dá a padà sórí ìgbékọ́ kó tó sọ “Rack”, kò wọlé. Rẹfirí mẹ́ta ló ń jókòó. Iná funfun méjì ló ń gbà yín là.

Ó ṣeé ṣe kí bẹ́ńṣì náà wà lára rẹ̀. Èyí tó wà ní jíìmù tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ẹsẹ̀ á sì wà nílẹ̀. Ti àkàndá ẹ̀dá gùn ní mítà 2.1, ó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 61, àfi lápá orí tó ti dínkù sí 30.5 kí apá lè rí àyè lọ sísàlẹ̀. Gíga rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 48 sí 50. Gbogbo ara, títí kan ẹsẹ̀ nínà, orí rẹ̀ ló ń wà, wọ́n sì lè fi bẹ́líìtì dè yín mọ́ ọn. Kò sí ilẹ̀ tí ẹ máa fi ẹsẹ̀ tì. Ẹ gbé ìwọ̀n wọ̀nyí fún wẹ́dà, yóò jó o fún yín.

Ẹ tún lọ wọn irin yín. Ọ̀pá ìdíje jẹ́ kílò 20, ìdè ẹ̀gbẹ́ méjèèjì jẹ́ kílò 2.5 ọ̀kọ̀ọ̀kan, nítorí náà kílò 25 ni ìbẹ̀rẹ̀. Ọ̀pá jíìmù àdúgbò lè jẹ́ 12, àwọn àgbá ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì rọ sì lè má dọ́gba. Ẹ gbé wọn lọ sórí òṣùwọ̀n àwọn tó ń ta irin àlòkù, kí ẹ fi ọ̀dà kọ iye tó jẹ́ gan-an sára ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kílò 120 yín lè yí padà di iye mìíràn níbẹ̀, ẹ má jẹ́ kó dùn yín.

Ìgbaradì: ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀, kí ẹnì kan jókòó sápá orí yín kó máa pe “Start”, kó ka ení èjì nígbà tí irin bá dúró lórí àyà, kó sì pe “Rack”. Kí ìka ìlábẹ̀ méjèèjì má jìnnà síra ju sẹ̀ǹtímítà 81 lọ, kí àtàǹpàkò sì yí ọ̀pá po. Ẹni tó bá fi àtàǹpàkò sílẹ̀ ń bá ikú ṣeré. Ẹni méjì ni kó máa dúró tì yín, ọ̀kan ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Nítorí pé èjìká yín ló ń ṣiṣẹ́ ẹsẹ̀ ní gbogbo ọjọ́, bí ẹ bá ti ń tì nǹkan, ẹ máa fa nǹkan pẹ̀lú, kí ẹ̀yìn lè bá àyà dọ́gba. Àìṣe bẹ́ẹ̀ ni èjìká ọ̀pọ̀ àwọn eléré yìí fi ń bàjẹ́. Fún ìgbìyànjú kìíní lọ́jọ́ ìdíje, ẹ mú iye tí ẹ lè ṣe lẹ́ẹ̀mẹta pẹ̀lú ìdádúró. Kílò kan ni àfikún tó kéré jù láti ìgbìyànjú kan sí èkejì, ẹ kò sì lè dínkù mọ́ lẹ́yìn tí ẹ bá ti sọ ọ́ ga.

Kí a tó gbàgbé: àgbo àti ìyẹ̀fun tí wọ́n ń tà ní jíìmù. Òfin òògùn olóró inú eré kò bìkítà ẹni tó fún yín. Ohun tó bá wà nínú ara yín, ẹ̀yin ló ni ín.

Èéṣe tí wọ́n fi ń ní ká dákẹ́ níbi bọ́ọ̀lù àwọn tí kò ríran? Bọ́ọ̀lù láìsí ariwo, kí lèyí? — Ìmọ́tà

Etí ni wọ́n fi ń rí bọ́ọ̀lù náà. Ohun tó ń dún wà nínú rẹ̀, ẹni tó bá sì ń lọ gbà á gbọ́dọ̀ pariwo “voy”, kí wọ́n má baà forí gbárí. Aṣọ́lé, tó ń ríran, ń darí àwọn ẹ̀yìn, akọ́nimọ̀ọ́gbá ń darí àárín, ẹnì kẹta sì dúró sẹ́yìn ilé alátakò, ó ń sọ ibi tí òpó wà. Bí ẹ bá ń fọn fùfúsèlà, gbogbo ìyẹn á di asán. Bó bá ti wọlé, ẹ pariwo tó bá wù yín. Ariwo tí a ti mú mọ́ra fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá máa ń dùn ju ti gbogbo ìgbà lọ, ìyẹn la lè fọwọ́ sọ̀yà.

Ọmọ ọdún 16 ni mí. Ọkọ̀ gé ẹsẹ̀ òsì mi lókè orúnkún. Mo ti ń gbá bọ́ọ̀lù tẹ́lẹ̀. Ṣé ó ti tán nìyẹn? — Ìjẹ̀dé

Kò tán, àbúrò. Bọ́ọ̀lù àwọn tí wọ́n gé lẹ́sẹ̀ wà, Nàìjíríà sì ní ikọ̀ tirẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Special Eagles. Ẹni méje ni: mẹ́fà tí ẹsẹ̀ kan ṣẹ́ kù fún, lórí ọ̀pá ìgbápá, àti aṣọ́lé tí apá kan ṣẹ́ kù fún. Wọn kì í wọ ẹsẹ̀ àtọwọ́dá lórí pápá. Kò sí ọ́fúsáìdì. Bí o bá mọ̀ọ́mọ̀ fi ọ̀pá tàbí kùkùté ẹsẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù, bí ẹni fọwọ́ kàn án ni.

Ọ̀pá rẹ ni kó o kọ́kọ́ tọ́jú. Dúró ṣánṣán, jẹ́ kí apá rọ̀. Ibi ìdìmú gbọ́dọ̀ wà ní ọgbọọgba ọrùn ọwọ́ rẹ, kí ìgbọ̀nwọ́ lè tẹ̀ díẹ̀ nígbà tí o bá dì í mú. Bó bá ga jù, èjìká yóò máa gòkè sí etí, ọrùn á máa ro ọ́. Wo rọ́bà ìsàlẹ̀ rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀: bí ilà inú rẹ̀ bá ti parẹ́, pààrọ̀ rẹ̀, nítorí lórí koríko tó tutù ó máa yọ̀ lábẹ́ rẹ bí ọṣẹ. Lórí yanrìn Ìjẹ̀dé, rọ́bà tó fẹ̀ ló dára, kí ọ̀pá má baà máa gún ilẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, má fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù. Kọ́ bí a ṣe ń ṣubú: ju ọ̀pá méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́, ká ara kò, fi èjìká yí. Ẹni tó bá di ọ̀pá mú tó sì ṣubú lé e ló ń ṣẹ́ ọwọ́. Lẹ́yìn náà ni kó o máa gbá a mọ́ ògiri, kí gbogbo ìwúwo rẹ wà lórí ọ̀pá nígbà tí ẹsẹ̀ bá ń fì. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ yóò bó. Fi báńdéèjì wé ibi ìdìmú. Tí kùkùté ẹsẹ̀ bá pupa tàbí tó ń ṣomi, sinmi títí yóò fi gbẹ.

Mo rí ọkùnrin kan tó sáré nínú ìdíje àkàndá ẹ̀dá, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì pé. Àwọn ènìyàn ní ayédèrú ni. — Ògólóńtò

Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni ojú ń rí. Lẹ́tà àti nọ́ńbà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ ló ń sọ ìtàn náà: T túmọ̀ sí orí ọ̀nà eré sísá, F sí jíjù. 11 sí 13 jẹ́ ti ojú. 20 jẹ́ ti òye. 31 sí 38 jẹ́ ti iṣan tó le tàbí tó ń gbọ̀n láti ọpọlọ. 40 àti 41 jẹ́ ti àwọn ràrá. 42 sí 47 jẹ́ ti apá àti ẹsẹ̀. 51 sí 57 jẹ́ ti àwọn tó ń jókòó. 61 sí 64 jẹ́ ti àwọn tó ń fi ẹsẹ̀ àtọwọ́dá sáré. Ọkùnrin tí ẹ rí lè jẹ́ 12 tàbí 38. Ìwé dókítà ló ń ṣáájú, lẹ́yìn náà àwọn ayẹniwò yóò yẹ ara rẹ̀ wò, wọ́n á sì tún máa ṣọ́ ọ nínú ìdíje.

Ayédèrú wà ṣá o. Ní Sydney 2000, mẹ́wàá nínú àwọn méjìlá ikọ̀ Spéènì tó gba góòlù bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ ti àwọn tí òye wọn kò ká nǹkan ni wọ́n rí pé kò sí nǹkan tó ṣe wọ́n. Wọ́n gba góòlù náà padà, àmọ́ àwọn olóòótọ́ ló jìyà rẹ̀ jù: wọ́n yọ eré wọn kúrò títí di London 2012.

Adití ni ẹ̀gbọ́n mi, ó ń sáré gan-an. Kí ló dé tí kò sí ìpele wọn ní Paralympics? — Àgíríìkì

Wọ́n ní tiwọn, ó sì dàgbà ju Paralympics lọ: Deaflympics, tó bẹ̀rẹ̀ ní Paris lọ́dún 1924. Etí tó sàn jù gbọ́dọ̀ ti pàdánù ó kéré tán desibẹ́ẹ̀lì 55, nítorí náà ẹ lọ gba ìwé àyẹ̀wò etí. Bó bá ń lo ẹ̀rọ ìgbọ́ràn, yóò yọ ọ́ kó tó wọ pápá.

Láti ìgbà tí mo ti já láti orí ilé, mi ò mọ nǹkan kan láti àyà wá sísàlẹ̀. Nígbà tí mo bá ń ti àga mi sáré, orí á fọ́ mi bí ẹni pé ó fẹ́ là, ojú mi á làágùn, ìsàlẹ̀ mi á gbẹ táútáú. Wọ́n ní oòrùn ni. — Èbúté Ìkòròdú

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá eré dúró ná. Pé ìsàlẹ̀ gbẹ kì í ṣe ohun tuntun, ara yín kò lè làágùn lábẹ́ ibi tó fara pa mọ́. Ìyẹn nìkan ti tó láti máa fi omi tútù wọ́n apá àti ọrùn lásìkò ìsinmi. Ṣùgbọ́n ẹ̀fọ́rí líle tó dédé dé pẹ̀lú òógùn ojú, nínú ẹni tó fara pa ní òkè àyà, lè jẹ́ autonomic dysreflexia. Ẹ kọ orúkọ náà sínú ìwé kékeré kí ẹ fi sápò, nítorí kì í ṣe gbogbo nọ́ọ̀sì ló ń tètè rántí rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ríru á fò sókè nítorí pé nǹkan kan ń dun ara nísàlẹ̀, tí ẹ̀yin kò sì mọ̀ ọ́n: ìtọ̀ tó kún, rọ́bà ìtọ̀ tó ká kò, ìgbẹ́ tó le, bẹ́líìtì tó fún jù, egbò, èékánná tó wọ ẹran.

Bó bá dé, ẹ jókòó ṣánṣán, ẹ má dùbúlẹ̀. Ẹ ju ẹsẹ̀ sísàlẹ̀. Ẹ tú bẹ́líìtì àti bàtà. Ẹ na rọ́bà ìtọ̀ wò, kí ẹ tú àpò rẹ̀ dànù. Bí ẹ̀fọ́rí kò bá rọ̀ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ilé ìwòsàn ló kàn, kíákíá, nítorí ó lè fa rọpárọsẹ̀. Àwọn eléré kan máa ń mọ̀ọ́mọ̀ fa nǹkan yìí kí wọ́n lè yára. Èèwọ̀ ni, òfin sì lè lé wọn kúrò nínú ìdíje. Kí dókítà tó mọ̀ nípa ọ̀pá ẹ̀yìn yẹ̀ yín wò kí ẹ tó padà sórí ọ̀nà. Ní báyìí, ẹ máa fi ọwọ́ gbé ìdí sókè lórí àga ní ìṣẹ́jú 15 sí 20 síra, kí ẹ sì máa fi dígí wo ìdí yín lálaalẹ́. Egbò ìjókòó ti gba ọ̀pọ̀ oṣù eré lọ́wọ́ ènìyàn.

Àbúrò mi obìnrin kò ríran rárá. Mo fẹ́ máa bá a sáré. Irú okùn wo ni kí n lò? — Garéèjì

Okùn bàtà tó nípọn tàbí aṣọ tí a hun, tí kò lè fà gùn. Rọ́bà kò wọlé. Ó pọ̀ jù, sẹ̀ǹtímítà 30 láti ọwọ́ sí ọwọ́. Ẹ so òrùka aṣọ sí ìpẹ̀kun méjèèjì kí ìka lè wọlé.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìrìn. Apá yín tó súnmọ́ tirẹ̀ gbọ́dọ̀ máa lọ bákan náà pẹ̀lú apá rẹ̀, ẹsẹ̀ inú yín pẹ̀lú ẹsẹ̀ inú rẹ̀. Bí apá bá ń kọlu ara wọn, ìgbésẹ̀ yín ló gùn jù, ẹ gé e kúrú; òun ló ń sáré, ẹ̀yin ń tẹ̀ lé e. Ẹ má fà á, ẹ má tì í. Ní orí ìtẹ̀kọrọ̀, ẹ sọ ọ́ ní ìgbésẹ̀ mẹ́rin ṣáájú: “òsì, òsì.” Ní òpin, òun ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kọjá ìlà, bí àyà yín bá ṣáájú tirẹ̀, wọ́n á yọ ọ́. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni pé amọ̀nà máa ń rọ ẹsẹ̀ nígbà tó bá rí ìlà, àbúrò á sì rọ ẹsẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ sá mítà mẹ́wàá kọjá rẹ̀ nínú gbogbo ìgbaradì. Ẹ sì fi okùn kejì sápò, nítorí èyí tó ti gbó máa ń já ní ìtúsílẹ̀, nígbà tí apá méjèèjì bá fà á lẹ́ẹ̀kan náà.